Táyà Ẹ̀yìn Bàlúù Wa àti Ìrìbọmi Ọmọ Rẹ

Outi ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Tí ìkókó bá wà lápá rẹ, gbé e fún ọkọ rẹ ná. Ọ̀rọ̀ ńlá ló ṣẹlẹ̀ nílé. Ìyá rẹ ní kí n má tíì sọ ọ́, pé ara rẹ kò tíì le tán, àmọ́ kò yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Táyà ẹ̀yìn bàlúù wa jò.

Ó tán, mo ti sọ ọ́. Báwo wá ni ara? Ṣé ọmọ ń sùn, ṣé ọmú ń wá dáadáa, ṣé Helsinki kò gbóná jù? Ọlọ́run tó bá wa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ yóò dá a sí, yóò fún un ní eyín tó le àti etí tó ń gbọ́ràn, kò ní fìwà jọ ẹ̀gbọ́n mi Onni. Àwa náà wà. Ìyá rẹ ṣì ń wá orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ ọmọ. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ títí di ọjọ́ ìrìbọmi, ó ní òun mọ̀, òun kàn ń ka orúkọ lásán ni. Ó ti ka gbogbo àwọn tí wọ́n sin sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa tán.

Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún èmi àti ìyá rẹ. Ó dé láìfarapa. Nígbà tí mo rí i pé àpótí dúdú wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ tí bátìrì bá kú ni tíkẹ́ẹ̀tì náà kú, mo bá mú pẹ́ńsù àti ìwé ìṣirò onílà, mo dà á kọ, ìyá rẹ ń pè é fún mi, dúdú, dúdú, funfun, títí ọbẹ̀ ẹja fi tutù lórí tábìlì. Mo wá pa ti orí fóònù rẹ́, nítorí nǹkan kan kò gbọdọ̀ ní ìwé méjì, ìyẹn ni mo kọ́ lára bàlúù. Má bínú, a kò lò ó. Mo fi ta Hilkka aládùúgbò wa lọ́rẹ kó fi lọ kí àbúrò rẹ̀. Ó ní ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú irin wò ó títí, ó yìn ín pé iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, ó sì gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Hilkka kò tíì kí mi láti ìgbà náà.

Bàlúù la máa gbé wá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi rẹ, yìnyín orí adágún tí a máa ń gbà kọjá ń yọ́, kò sí ọ̀nà, bàbá mi kò lè wá. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí títí ó fi kú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gbé ọ, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tó pẹ́ dé. Ìdí tí mo fi ra bàlúù nìyẹn. Ẹja ni mo sọ fún ìyá rẹ pé mo fẹ́ máa fi lọ pa.

Kí n padà sórí táyà. Ìjọba wa ṣeun, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó ni bàlúù kékeré, tó sì ń wà á fúnra rẹ̀, lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kéékèèké, kó pààrọ̀ táyà, kó pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, kó pààrọ̀ gílóòbù. Kó ṣáà ti kọ ohun tó ṣe sínú ìwé bàlúù, kó kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ní èṣí, mo pààrọ̀ epo, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti ṣe é. Jouko Tervo, mẹkáníìkì tó máa ń wá yẹ bàlúù wò lọ́dọọdún, bi mí pé kí ni mo ṣe. Mo ní epo ni. Ó ní èmi kọ́ ló ni ìwé náà, bàlúù ló ni ín, kí n kọ ọ́ kó yé bàlúù. Ó yé mi. Láti ìgbà náà, mo máa ń kí bàlúù dáadáa kí n tó kọ ohunkóhun.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó ni bàlúù nìkan ni òfin fẹ́, orúkọ ìyá rẹ kò sì sí lórí ìwé. Nígbà tí mo ń pààrọ̀ táyà nínú abà, mo ní kó bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, kó fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn. Nọ́ọ̀tì kan yí lọ sínú koríko gbígbẹ, òun ló kọ́kọ́ rí i, mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó fi ẹsẹ̀ tọ́ka. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi ni òun ti ń tún mi ṣe láìní láísẹ́ǹsì, kò sì sẹ́ni tó ní kí òun kọ ọ́ síbì kan. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti ibi tó yí lọ.

Jouko dé, ó mu kọfí, ó ka ìwé náà pẹ́. Ó bèèrè pé ta ni Saimi tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú ní gbogbo ojú ewé. Mo ní ẹni tó ń bu kọfí fún un ni. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ká kúkú kọ ọ́ mọ́ àwọn iná bàlúù. Ìyá rẹ ní òun gbà, kí wọ́n ṣáà máa pààrọ̀ gílóòbù òun lásìkò. Jouko rẹ́rìn-ín, o sì mọ̀ pé Jouko kì í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé táyà náà wọlé dáadáa, pé òun ti rí àwọn tó ń kọ ìwé tó mọ́ tónítóní lórí iṣẹ́ tí wọn kò fọwọ́ kàn, tèmi gùn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo ní kó jọ̀ọ́ dúró dè mí díẹ̀, mo jáde lọ la igi.

Nígbà tí mo wọlé padà, ó bèèrè àlàáfíà mi, bí ojú mi ṣe ń ríran, àti ìgbà tí dókítà rí mi kẹ́yìn. Kò bèèrè irú rẹ̀ rí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ara mi le débi pé dókítà kò tíì fojú kàn mí láti ìgbà tí o wà ní yunifásítì. Ó wo ìyá rẹ. Ìyá rẹ ní kí n lọ dáná ilé ooru tí a ti ń wẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń bèèrè ara ẹni báyìí, kí la tún ń wá?

Nítorí náà, ẹ máa retí wa. Sọ fún pásítọ̀ pé tí afẹ́fẹ́ bá dí wa lọ́wọ́, kó fi orin kan kún un. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo bàlúù, àmọ́ má fi sórí fóònù. Wọ́n ní ẹni tó bá fi pẹ́ńsù da owó kọ, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ àti ọkọ rẹ àti aláìlórúkọ yín. Ilé yín kò ní tutù, oúnjẹ kò ní wọ́n yín, ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí yín kò ní pẹ́ dé.

Jouko lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn bàlúù kó tó lọ. Mi ò tíì kà á, jígí mi wà nínú abà, ṣùgbọ́n mo rí òǹtẹ̀ lára rẹ̀, inú mi sì dùn. Mo ní kí ìyá rẹ dà á kọ sísàlẹ̀ kí inú tìrẹ náà lè dùn. Mo fẹ́ lọ nu gíláàsì bàlúù.

Èmi bàbá rẹ,
Reino Kemppainen

ÌKÉDE

A ti yẹ bàlúù yìí wò. Ìwé rẹ̀ pé, iṣẹ́ ara rẹ̀ pé, ó lè fò.

Ìwé ìlera awakọ̀ rẹ̀, Reino Kemppainen, ti kú tipẹ́. Kò gbọdọ̀ wà á títí dókítà yóò fi yẹ òun náà wò, kó sì fọwọ́ sí i.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Saimi.

J. Tervo, olùyẹ̀wò