Arúgbó Ti Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ, 2025
Akọ̀wé dé láti Kánádà lánàá. Bísíríyù lorúkọ ẹ̀, àbúrò ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè dárúkọ ẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó gbé láptọ́ọ̀pù fún mi lójú gbogbo ẹbí — Mac. Wọ́n ṣàdúrà sí i, a ṣe àmín. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Arúgbó.

Arúgbó ni láptọ́ọ̀pù tèmi, Windows 7. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣe mọ́nógíráàmù. Inú ẹ̀ ni mo ti ń ya báàjì tí ẹ̀rọ ń rán sára aṣọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí — mo lè lọ pọnmi kí n padà dé. Ṣùgbọ́n tó bá ṣí, gbogbo nǹkan wà níbi tí mo fi í sí. Mi ò wá ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Gbogbo Ìkòròdú ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Mọ̀nsúrát tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mac kì í kó fáírọ́ọ̀sì, Windows ti di ti mẹ̀kúnnù. Alága — ọkọ mi nìyẹn, ìpàdé ni gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ — ní tí mo bá gbé e dání, wọ́n á mọ̀ pé mo ti dé. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fi ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mac ò tiẹ̀ níhò tí mo lè ki díìsì tó bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí. Zikrullah tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ má bínú, Mọ́mì, Windows àtijọ́ nìkan ni ẹ̀rọ yín gbọ́, ẹ máa fi Mac wo fíìmù. Ó dáa. Mo dá Mac padà sínú páálí ẹ̀.

Ọjọ́rú, 13
Arúgbó ò sí nílé.

Ọjọ́bọ̀, 14
Alága ló gbé e fún Toyyibah, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ l'Ẹ̀pẹ́, tó ń lọ sí yunifásítì. Ó ní kí lèèyàn ń fi méjì ṣe. Báàjì iléèwé Ìyáàfin Agnes wà nínú ẹ̀! Igba yúnífọ́ọ̀mù, kí àwọn ọmọ iléèwé tó wọlé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Mi ò sì fi ẹ̀dà kankan pamọ́ síbòmíì — ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà. Toyyibah ò gbé fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Toyyibah sáré gbé Arúgbó jáde, ẹ̀rín dé etí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ti pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́, ó fi Linux sí i dípò Windows. "Mọ́mì Lateefah, ó ti ń yá báyìí o! Ọ̀fẹ́ sì ni." Òótọ́ ni. Ó ṣí kí n tó jókòó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ tó ń dúpẹ́? Mo ní ó káre. Ìyá ẹ̀ bu ẹja fún mi, mo dì í, mo wọkọ̀ padà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19
Kí n tó rí Windows 7 mìíràn, kí n tó tún báàjì yà, àwọn ọmọ á ti wọlé. Ìyáàfin Agnes ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Alága ní ṣebí orí mi làwọn àwòrán yẹn ti jáde, kí n tún wọn yà.  Mo mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Akọ̀wé wá dágbére. Ó bi mí bí mo ṣe ń gbádùn Mac. Alága yára dáhùn pé mi ò kì í gbé e sílẹ̀. Mo ní irọ́ ni, mi ò lò ó, kò bá ẹ̀rọ mi mu. Ọdún mẹ́tàlá tí a ti fẹ́ra, n kò já a nírọ́ rí lójú ẹbí ẹ̀.

Ó ya Akọ̀wé lẹ́nu. Ó fi fóònù ẹ̀ hàn mí. Ṣáájú Iléyá ló ti bi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ irú kọ̀ǹpútà tí ìyàwó fi ń ṣiṣẹ́, àti bóyá kí òun ra ẹ̀rọ tuntun kún un. Èsì Alága wà lábẹ́ ẹ̀: Mac ló ní òun fẹ́. Má ra ẹ̀rọ. Iṣẹ́ yẹn ti sú u, ó fẹ́ fi í sílẹ̀, kó máa jókòó sílé.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí Arúgbó ti kúrò nílé ni mo ti ń sọ fún ara mi pé Alága ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó mọ̀.