Ilá, Mọ́tò Kékeré Tí Bàbá Kò Fẹ́ Wọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025

Ìyá Ìjió tún pè lórí fóònù láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi ni wọ́n, àwọn nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá Bàbá. Wọ́n béèrè Bàbá. Mo gbé fóònù fún Bàbá, Bàbá ní àwọn ń jẹun. Wọn ò jẹ nǹkan kan o. Ògiri ni wọ́n ń wò.

Inú ló ń bí wọn, láti ìgbà ìgbéyàwó Fàtímọ̀ ọmọ mi lọ́dún tó kọjá. Bàbá fúnra wọn ló ní ká háyà jíìpù ńlá lọ gbé ẹ̀gbọ́n àwọn wá láti Ìjió – pé ẹ̀gbọ́n àwọn ò ní fún ara pọ̀ nínú ọkọ̀ akérò wá síbi ìnáwó. Jíìpù lọ, jíìpù bọ̀, kò sí Ìyá nínú rẹ̀. Dírẹ́bà ní Ìyá ní àwọn ò ráyè. Wọn ò ráyè! Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kí ni wọ́n ń ṣe? Ó dun Bàbá wọra. "Bí wọ́n bá fẹ́ wá, wọn ì bá wá" – ohun tí wọ́n ń sọ látìgbà náà nìyẹn.

Bàbá náà ò sì lè lọ. Ìbàdí ò jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀kadà mọ́, ọkọ̀ akérò sì ń kó èèyàn bí ìgbà téèyàn ń ki iṣu sápò. Àgbàlagbà méjì, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n ń bá ara wọn yan odì, mo sì ń wò wọ́n.

Ó tó gẹ́ẹ́. Màá ra mọ́tò. Kékeré, tí kò ní mu epo bí ẹni ń mu omi. Mo ti ń ta páàtì ọ̀kadà níbí ní Ìwéré-Ilé tipẹ́tipẹ́, mo ti tọ́jú nǹkan díẹ̀. Kí ọyẹ́ tó mú gan-an, Bàbá àti Ìyá Ìjió á fojú kan ara wọn, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Bàbá. Ta ló rán mi níṣẹ́?

Lọ́rì ni wọ́n fi kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn títí tí agbára fi tán. Lójú tiwọn, ohun téèyàn ò bá di irin mú kó tó gùn ún, kì í ṣe mọ́tò. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Lọ́rì ni mò ń pè wọ́n. (Kí wọ́n má rí i o!) Ọ̀gá Lọ́rì ní kí n ra jíìpù. "Bó o bá máa lọ sí Ìjió, lọ bí ọmọ èèyàn." Mo ní epo ńkọ́, Bàbá? Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń wa lọ́rì, ta ló ń wo epo?

Òótọ́ ni. Nígbà yẹn, ọ̀gá wọn ló ń ra epo.

Sátidé, 8 Oṣù Kọkànlá

Ìsẹ́yìn. Èmi àti Ògúndèjì mẹkáníìkì. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Jíìpù dúdú kan la kọ́kọ́ rí. Mo jókòó sínú rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ìwé ara mi – ọkàn mi fà sí i. Mo ti ń rí ara mi tí mò ń wọ Ìjió, tí àwọn èèyàn ń yà lọ́nà fún mi. Ògúndèjì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó tún un dé jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Ìyá Fàtímọ̀, ṣé ẹ máa lè bọ́ eléyìí báyìí?" Mo bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà náà la lọ sílé Nọ́ọ̀sì Florence. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ míì, ó fẹ́ ta mọ́tò ẹ̀. Bí mo ṣe rí i lábẹ́ igi gúáfà, ẹ̀rín ló pa mí. Ó kúrú. Àwọ̀ ewé ni. Ó dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó má kúrò níbẹ̀. Mo jókòó, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, kò tilẹ̀ pariwo. A gbé e yí ìlú ká, abẹ́rẹ́ tó ń ka epo ò mira. Kò mira rárá! Inú rẹ̀ ń rùn bí ìpara àbóníkì.

Owó tí Florence kọ́kọ́ pè, mo rẹ́rìn-ín. Èyí tí èmi dá, òun náà rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ títí tí a fi pàdé ara wa, ó sì bu omi tútù fún mi mu. Ọjọ́rú ni màá lọ gbé e.

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ. Ilá. Ó kúrú, ó sì ní àwọ̀ ewé.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀gá Lọ́rì béèrè bóyá táyà rẹ̀ fi nǹkan kan tóbi ju ti ọ̀kadà lọ. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo ń gbálẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Ilá ti délé! Alihamdulilahi!

Gbogbo àdúgbò ló tú jáde. Àwọn ọmọdé fọwọ́ pa á lára títí. Ọkọ mi – Tòmátì ni mò ń pè é níbí, torí oko tòmátì rẹ̀ ló ń fẹ́ ju èmi lọ – ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní apẹ̀rẹ̀ mélòó ló máa gbà. Mo ní ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sínú mọ́tò mi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa rí i.

Ó wá ku Bàbá. Nílé wa, bí ẹnikẹ́ni bá ra ọkọ̀, àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. A ó gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí, wọn á ṣàdúà, a ó gbé wọn padà. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ tó lè rin ìrìn àjò. Bó ṣe wà látayé ọjọ́ nìyẹn.

Bàbá jáde tàwọn ti ọ̀pá. Wọ́n yí Ilá po. Wọ́n fi ọ̀pá kan táyà, kó-kó. Wọ́n nawọ́ sórí rẹ̀, ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdì kejì. Bàbá wá ní:

"Ọmọ rẹ̀ nìyí. Ìyá rẹ̀ dà?"

Ẹ̀rín ta! Ògúndèjì ló fi àbùkù kàn mí jù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn iwájú fún wọn. Wọ́n ní àwọn máa ṣàdúà lórí ìdúró. Wọ́n ṣe é, àdúà gidi, ó gùn, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ jókòó sórí àga wọn.

Wọn ò wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Pẹ̀lú ìbàdí yẹn! Mo wa Ilá tẹ̀ lé wọn jẹ́ẹ́jẹ́, mo yí gíláàsì sílẹ̀, mò ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ ṣàánú mi, Bàbá. Àwọn èèyàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà ń wò wá bí ẹni ń wo sinimá. Bàbá ò wẹ̀yìn. Ó kù díẹ̀ ká dé ni wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Máa lọ, Sodiqat. Kí n má lọ fẹsẹ̀ tẹ mọ́tò rẹ pa."

Agídí! Èmi náà mọ ibi tí mo ti jogún tèmi.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Epo tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá ò tíì tán. Mò ń lọ ṣọ́ọ̀bù, mò ń bọ̀, kò tíì tán. Ẹnu ya Tòmátì.

(Ó ti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sínú rẹ̀. Mo rí èso rẹ̀ kan lábẹ́ àga. Mò ń bọ̀ wá bá a.)

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

Ibà kọ lu Ìyá Ìjió. Wọ́n ní ó ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn ò dáa létí mi. Bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n pẹ̀lú ìbínú yìí, Bàbá ò ní bọ́ nínú rẹ̀ láéláé.

Mo sọ fún wọn pé mo ti ra mọ́tò. Wọ́n ṣàdúà fún mi, wọ́n ní irú èwo ni. Ojú tì mí, mo ní kékeré ni, Ìyá. "Ó ga bí?" Mo ní kò ga, Ìyá, ẹ má bínú. Wọ́n ní "Ẹn-ẹ́n!" – fóònù já. Mi ò mọ ohun tí ẹn-ẹ́n yẹn ń sọ. Bóyá àwọn náà fẹ́ jíìpù. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́.

Mo sọ ti ibà náà fún Bàbá. Wọn ò jẹ oúnjẹ alẹ́, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá

Mo tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ta ni mo rí? Ọ̀gá Lọ́rì! Nínú Ilá! Lórí ìjókòó dírẹ́bà! Wọ́n di sítíárìn mú gírígírí, ẹsẹ̀ òsì wọn ń wá nǹkan kiri nísàlẹ̀.

Wọn ò tilẹ̀ tijú. Wọ́n ní, "Níbo lẹ gbé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí?" Mo ní kò ní, Bàbá, ó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n wò mí títí. "Mọ́tò tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ta ló wá ń wà á, ìwọ tàbí òun?"

Tòmátì ti rí wọn. Ó fi igbe ta: "Wọ́n ti jókòó o! Àgbà ilé ti jókòó!" Àwọn ará ilé jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá bọ́ sílẹ̀ kíá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀pá. Wọ́n ní àwọn ò jókòó, ìpẹtà ni àwọn ń wò. Wọ́n tún ní ìjókòó dírẹ́bà kọ́ ni ìjókòó àgbà.

Lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn wọlé, wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Ohùn wọn ti yàtọ̀. "Ibà yẹn... ṣé ó ti lọ sílẹ̀ dáadáa?" Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó fúnra wa. Wọ́n gbà. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni àwọn máa jókòó sí o, àti pé ìdí igi máńgòrò lẹ́yìn ìlú Ìjió ni kí n ti já àwọn, kí àwọn fẹsẹ̀ wọlé, kí ẹ̀gbọ́n àwọn má bàa rí ohun tó gbé àwọn wá.

Mo ní ó dáa, Bàbá. Mo wọ inú yàrá lọ, mo jó.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, mi ò mọ̀ mọ́.

A gbéra láàárọ̀. Bàbá ló wa ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. "Ihò! Ihò wà níwájú!" "Fọn fèrè fún ewúrẹ́ yẹn!" Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ bíréèkì, àwọn náà ń tẹ tiwọn lẹ́yìn mi. Eruku bò wá, àmọ́ Ilá ń lọ ní tiẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ iṣu ńlá kan ti rì sínú iyanrìn tó dí ọ̀nà, Ilá fẹ̀gbẹ́ gba ẹ̀bá igbó kọjá. Mo fi dígí wo ẹ̀yìn. Bàbá ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i pé mò ń wò wọ́n, wọ́n ṣíwọ́.

Igi máńgòrò. Bàbá bọ́ sílẹ̀, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n mú ọ̀pá. Wọn ò tíì rìn jìnnà rárá tí a gbọ́ ohùn: "Àjàní!"

Ìyá Ìjió ni. Lábẹ́ igi yẹn gan-an ni wọ́n gbé àpótí sí tí wọ́n jókòó, lódì kejì. Wọ́n ní àwọn ti ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ láti ìjẹta, kí àwọn lè tètè rí mọ́tò náà.

Bàbá dọ̀bálẹ̀ – bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìbàdí yẹn – wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá fọwọ́ kàn wọ́n lórí, wọ́n kọjá lára wọn, ọ̀dọ̀ Ilá ni wọ́n ń lọ! Wọ́n ní kí n ṣí iwájú. Wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n jókòó wẹ́rẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n gbé èkejì. Ó tán. Kò sẹ́ni tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Mo wọ̀ ọ́! Àjàní, o rí mi? Mo wọ̀ ọ́!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́. Jíìpù ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ga ju orúnkún wọn lọ. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, kò débẹ̀. Dírẹ́bà tì wọ́n nídìí, aládùúgbò fà wọ́n lọ́wọ́, àwọn ọmọdé dúró ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti wọ aṣọ tán o, wọ́n ti lé tìróò. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kí dírẹ́bà máa lọ, kó ní àwọn ò ráyè. Wọ́n wọlé, wọ́n sunkún.

Bàbá ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi."

"Kí ni kí n sọ? Ìwọ lo rán an. O fẹ́ gbé mi níyì. Ṣé kí n wá ránṣẹ́ padà pé iyì náà ga jù fún mi?"

Bàbá ní, "Mo bínú sí yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kan gbáko." Omi ti dé ojú wọn. Ìyá ní àwọn mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń bínú láti kékeré, kí wọ́n dìde, ilẹ̀ ń gbóná. Èmi ti ń fi gèlè nu ojú.

A ní kí Ìyá sọ̀ kalẹ̀ ká lọ sílé lọ kí àwọn ará ilé. Wọ́n ní àwọn ò sọ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn gbé báàgì àwọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, àwọn ti dì í láti Ọjọ́bọ̀. Àpò gààrí kan náà wà níbẹ̀, àti adìẹ kan.

Bí a ṣe padà nìyẹn. Ìyá níwájú, wọ́n yọ ọwọ́ síta, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé, àti ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Ọ̀gá Lọ́rì lẹ́yìn, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, gààrí lábẹ́ ẹsẹ̀, adìẹ lórí itan. Wọn ò sọ pé ó kéré. Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ohùn wọn, adìẹ ni wọ́n ń bá wí.

A wọ Ìwéré-Ilé. Mo fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé wa. Ọ̀pá kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

"Níbo lò ń lọ? Àgbà ilé ló wà níwájú. Gbé wọn dé mọ́ṣáláṣí ná."