Fíìmù Kejì Tó Jẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Ìpógun,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Fọláhànmí ọmọ mi,

Báwo ni Àkúrẹ́, báwo ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì? Olúwa tó dá ẹ̀mí rẹ sí di òní kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀. Ara èmi le, mo dúpẹ́. Iṣu tuntun ti ń jáde, ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. Ìwé ni mo kọ torí pé fóònù tí o rà fún mi kọ ọ́ sójú pé òun ti kún, kò sí àyè mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ lórí rẹ̀, èyí tí mo sì fẹ́ sọ yìí wúwo, ẹ̀rù ń bà mí kó má bẹ́.

Fíìmù tí o fi ránṣẹ́ nínú irin kékeré tí wọ́n ń kì bọ tẹlifíṣọ̀n yẹn dé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú èyí tó kọjá, a jókòó sí pálọ̀ Tíṣà Ọládélé tó ti fẹ̀yìn tì, a wò ó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo figbe ta. Àwọn tí a ti rí òkú wọn nínú fíìmù tí o mú wá nígbà Àjíǹde ìdúnta, tí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sójú ọ̀run di pósí wọn, àwọn náà ló jókòó tí wọ́n ń jẹun! Mo ní Ẹlẹ́dàá ti jí wọn. Tíṣà ní rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ. Kò yé mi, àfi ìgbà tó ní kí n rántí ìbejì: Kẹ́hìndé ló dé kẹ́yìn, òun sì ni ẹ̀gbọ́n.

Fíìmù náà dára, ọmọ mi. Fìyìnfólúwa, ìyàwó Tíṣà, ní ó ti falẹ̀ jù, ó sùn lọ lórí àga. Èmi ò sùn. Ńṣe ni wọ́n sè é bí ẹni fi igi tútù se ẹ̀wà. Ó pẹ́ gan-an kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn ń fọ abọ́, ọ̀gá ọkọ̀ ń rán bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, wọ́n ń bára wọn ṣàwàdà. Kò sí ìbọn, kò sí ariwo, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti rẹ́rìn-ín, màá fi gèlè bojú, torí kò mọ̀ pé òun máa kú, èmi tí mo wà ní Ìpógun ni mo mọ̀.

O rántí obìnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe, tí wọ́n bá òkú òun nìkan nínú yàrá ẹrù? Ọ̀dàlẹ̀ ni mo pè é lọ́jọ́ náà, mo ní ó sá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Àìsàn inú òkúta kan tí wọ́n rí lókè lọ́hùn-ún ló kọ́kọ́ wọ ara rẹ̀. Ó mọ̀, ló bá bú gbogbo wọn, ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́lé, kí wọ́n lè bínú, kí wọ́n má tẹ̀ lé e. Àánú ṣe ọ̀gá ọkọ̀, ó fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Mo pariwo pé ẹ má ṣí i o! Mo ní kí Tíṣà fún mi ní nọ́ńbà wọn kíá. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣí i náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe kú.

N kò lè jẹun nígbà tí mo délé. Bàbá rẹ ni mo ń rò. O mọ bó ṣe bú mi lọ́dún tó kọjá, tó ní ọbẹ̀ mi ti sú òun, tó ká ẹní rẹ̀ lọ sí abà, tí kò padà wálé mọ́ títí Adébùsóyè tí oko wọn pààlà fi bá òkú rẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún gbogbo ayé pé obìnrin ló gbé e lọ. N kò sunkún níbi ìsìnkú, ìwọ náà rí mi.

Mo tọ Adébùsóyè lọ, mo ní kó bẹ̀rù Ọlọ́run, kó sọ òótọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni bàbá rẹ ń hú pẹ̀lú ikọ́. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn lọ sí ọsibítù ní Oǹdó, bàbá rẹ kọ̀, ó ní irú ikọ́ tó pa bàbá òun ni, kò ní oògùn. Ó sì mú un búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní bí èmi Monílọ́lá bá gbọ́, màá wá tọ́jú òun, màá sì kó ikọ́ náà.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún mi ní ike kékeré onídèérí, mo dúpẹ́, mo gbé e relé, mo da iyọ̀ sí i. Àṣé ikọ́ ni wọ́n fẹ́ kí n hú sínú rẹ̀! Mo hú u fún wọn. Nígbà tí mo padà lọ gbọ́ èsì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára mi. Nọ́ọ̀sì ní kí n yọ̀, ó ní àti pé oògùn ikọ́ náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́, Fọláhànmí. Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ni mo ti sun ẹkún bàbá rẹ, lójú gbogbo èèyàn.

Wọ́n ṣì ní kí n wá ya fọ́tò àyà ní Àkúrẹ́. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi owó gèlè kún un, èyí tí mo ní ti ṣá, n kò fẹ́ kí fọ́tò náà burú.

Ṣùgbọ́n tìrẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ó lé ọ títí, o ní o kò lọ, oko ò ní bàjẹ́ lójú rẹ. O sọ fún mi pé ó ń húkọ́, pé ó ní eruku ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu rẹ lórí fóònù, mo bi ọ́, o ní eruku ni. Lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́la, ọmọ mi, má dúró de owó oṣù, má dúró dè mí.

Ikú tó mọ ọ̀nà abà kò ní mọ ọ̀nà yàrá rẹ. Ìwọ ni yóò sin mí, èmi kọ́ ni yóò sin ọ́.

Ìyá rẹ,
Monílọ́lá.