Bàbá, Ọmọ Mi Kò Fẹ́ Tẹ Dùùrù

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn lẹ́tà gígùn. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlọrin, tí mo bá kọ ojú ìwé mẹ́rin ránṣẹ́ sí yín, ìlà mẹ́ta lẹ máa ń fi dáhùn, ọ̀kan nínú rẹ̀ á sì jẹ́ pé iṣu ọdún náà ta dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi lónìí. Ọ̀rọ̀ Ìbùkún, ọmọ mi obìnrin, ló gbé mi dé ìdí ìwé. Ọmọ ọmọ yín kò fẹ́ tẹ dùùrù.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo ra dùùrù oníná kékeré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní kíbọọ̀dù, mo sì gbé e sí pálọ̀ wa níbí ní Ìlọ́fà. Ìbùkún ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọjọ́ orí tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi gan-an. Mo rò pé kò ní le. Mo tún wá gbé fọ́tò yín kọ́ sókè dùùrù náà, èyí tí ẹ ti wọ aṣọ funfun ẹgbẹ́ akọrin, tí ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò wú u lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó bẹ̀ mí pé kí n yí ojú bàbá àgbà sí ibòmíràn, torí wọ́n ń wo òun níbi tí òun ti ń ṣì í tẹ̀.

Olùkọ́ orin kan wà ní ilé ìwé rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọṣẹ́ tó sì ní sùúrù. Ohun tó ní kí Ìbùkún máa ṣe nílé kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lójúmọ́. Ogún ìṣẹ́jú yìí ló fẹ́ tú ilé wa ká. Bí mo bá ti pè é sí ìdí dùùrù, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Bí inú bá fi í sílẹ̀, òùngbẹ á gbẹ ẹ́. Ó lè mu ife omi mẹ́ta kí ó tó jókòó, omi náà á sì tún gbé e dìde lọ sí ilé ìtọ̀. Mo ṣèlérí bísíkíìtì fún un. Mo halẹ̀ mọ́ ọn pé kò ní wo katúùnù mọ́. Mo fi ọmọ aládùúgbò wé e, ohun tí mo ti búra pé n kò ní ṣe sí ọmọ kankan láyé mi. Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé kì í ṣe dandan kí gbogbo èèyàn mọ dùùrù. Mo ní dandan ni. N kò rí ìdí rẹ̀ ṣàlàyé fún un, àmọ́ ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan lẹ kọ́. Tí ó bá parí sọ́wọ́ mi, ó parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ bu gàrí tí mo máa fi tẹ ẹ̀bà. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò, ọwọ́ mi bá nǹkan bí okùn. Mo fà á, ó ń bọ̀. Mo tún fà á, kò tán. Wáyà dùùrù ni! Ọmọ yìí ti rì í mọ́ inú gàrí láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wa sì ti ń wá a kiri, òun náà ń bá wa wá a lábẹ́ àga, ó ń dárò.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ̀rín lẹ máa rín. Èmi kò rín. Mo mú rúlà, mo fi nà án lọ́wọ́ méjèèjì, mo sì mú un jókòó sídìí dùùrù pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ta á. Ó tẹ̀ ẹ́. Omijé ń kán sórí eyín dùùrù, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò ṣàṣìṣe ẹyọ kan. N kò tíì gbọ́ orin tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tì mí, Bàbá. Ẹ kò fi ọwọ́ kàn mí rí nítorí dùùrù. Ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ náà?

Torí èmi náà kò fẹ́ dùùrù nígbà náà, ẹ sì mọ̀. Èmi ni mo máa ń sáré gbé korobá lọ sí odò ní ọ̀sán gangan, tí ìyá mi á máa yìn mí pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ni mí, kí ẹ má ṣáà ti rí mi pè. Síbẹ̀ ẹ rí mi mú. Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ohun tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ rúlà nìyẹn, tí mo sì ń rántí díẹ̀díẹ̀.

Dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé ní Ọ̀sí, afẹ́fẹ́ ló ń lò. Pákó méjì wà nísàlẹ̀ tí atẹdùùrù gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀, bí ó bá dá ẹsẹ̀ dúró, ohùn á kú. Ẹsẹ̀ mi kò tó ibẹ̀. Ẹ̀yin atẹdùùrù tí gbogbo ìjọ ń dìde kí, ẹ kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ fi ọwọ́ tẹ pákó náà, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, kí afẹ́fẹ́ má bàa tán nígbà tí mo ń wá ibi tí ìka mi máa bọ́ sí. Láti ìdí ebè iṣu lẹ ti wá, erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín. Bó ṣe wù kí n pẹ́ tó lórí ohùn kan, ó ń dún. Ẹ kò sọ fún mi rí pé ó rẹ̀ yín. Nígbà tí orin bá padà sórí dò níkẹyìn, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní ó ti dulé. Bí àwọn èèyàn wa ṣe ń pe ilé ní ulé lẹ ṣe ń pè é, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ohun kejì ni ti orin ìdúpẹ́ tí a máa ń kọ ní ìkórè yẹn. Ẹ ní ìlà kẹta rẹ̀ ti sọ nù mọ́ yín lọ́wọ́, pé ara ti ń dàgbà, kí n jọ̀ọ́ bá yín wá a. Mo jókòó, mo ń fi etí wá a, ohùn kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà tí mo rí i, mo ké sí yín, ẹ wá jókòó bí ọmọ ilé ìwé, mo ń tọ́ka fún yín. Ẹ ń ṣì í. Mo pariwo mọ́ yín, ẹ tún un tẹ̀, ẹ tún ṣì í. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà kẹrin ló tún sọ nù. Báyìí ni mo ṣe dàgbà, tí mo gbà tọkàntọkàn pé èmi ni mo kọ́ bàbá mi ní orin náà. Nígbà tí ọkọ mi ń fẹ́ mi sọ́nà, mo fi ṣe fọ́ńté fún un.

A lọ sí Ọ̀sí fún ìdúpẹ́ ọdún kan tí ẹ lọ. Kò sí atẹdùùrù láti ìgbà tí ẹ ti lọ, eku sì ti jẹ awọ inú dùùrù náà. Ẹnu ni wọ́n fi dá orin, ẹni tó dá a sì gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a fi dé ẹsẹ kejì, àwọn ìyá kàn ń la ẹnu ni, ohùn kò jáde mọ́. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn ìsìn, bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, wá jókòó tì mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ẹ tó fẹ́ ìyá mi lẹ ti ń tẹ orin ìdúpẹ́ yẹn láti òkè dé ilẹ̀ láìwo ìwé. Wọ́n ní àwọn akọrin máa ń dúró sí ojú fèrèsé ní ọjọ́ tí mo bá ń kọ́ yín, tí wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló mọ̀, àfi èmi.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sí Ìlọ́fà ni ẹ̀rín ti gbà mí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, Ìbùkún ń wò mí lẹ́nu. Bàbá, ẹ tóbi lójú mi. Atẹdùùrù tí gbogbo agbègbè wa mọ̀, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí láti Òkè-Ọ̀pìn nígbà ìkórè, ló jókòó kí ọmọ kékeré máa pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. N kò tíì rí ọkùnrin mìíràn tó lè ṣe é. N kò mọ̀ bóyá èmi fúnra mi lè ṣe é.

Mo kúkú gbìyànjú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sídìí dùùrù, mo mí kanlẹ̀, mo ní ìlà kẹta ti sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́ o, ta ló máa bá mi wá a? Ìbùkún kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí bàtà tó ń fọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n jàre. Gbogbo Sátidé tí ẹ̀wà bá wà lórí iná lẹ máa ń tẹ̀ ẹ́.” Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, Bàbá, irú èyí tí ẹ fi mú mi kò lè mú wọn.

Mo ti fẹ́ jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ dùùrù lọ́jọ́ náà. Mo ń kó àwọn ìwé Ìbùkún jọ láti lórí dùùrù, mo sì ṣí èyí tí olùkọ́ rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin mọ̀ pé dò-rè-mí lẹ kọ́ mi, ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, ẹ sì fi etí kún un. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà márùn-ún ni wọ́n fà, wọ́n wá to nǹkan dúdú dúdú sí i bí èèrà tó gun okùn aṣọ. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ yìí wá, ojú sì ń tì mí láti sọ pé n kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ti rẹ̀ mí. Mo bi í pé nínú gbogbo wọn, èwo ni dò.

Ó wò mí. Ó tún wò mí dáadáa láti mọ̀ bóyá irọ́ ni mo tún ń pa. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá lóòótọ́ ni n kò mọ̀ ọ́n, mo ní n kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì ti ń bà mí pé ó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó fa àga sún mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ní báírò pupa. Ó fún mi ní eéjì nínú ẹẹ́wàá, ó ní mo gbìyànjú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo ń gé ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì, mo gbọ́ dùùrù. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Ìlà kan náà ló ń tẹ̀ tó tún ń tẹ̀, ó ṣì í, ó bá ara rẹ̀ wí, ó tún un tẹ̀. Ohun tó fẹ́ kọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ náà ló ń wò kí ó má bàa tẹ́ lójú mi. Mo dúró sójú kan, mo mú ọ̀bẹ dání. Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ọgbọ̀n kọjá. Mo fẹ́ pè yín, Bàbá. Ọwọ́ mi ti dé orí fóònù kí n tó rántí.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ mọ gbogbo orin náà? Mo ń béèrè torí pé inú mi ń dùn lórí àga tí mò ń jókòó sí yìí, tí ọmọ mi ń tọ́ka fún mi, n kò sì díbọ́n. Àbí ohun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí ẹ kò ní, tí ẹ ń wá lọ́dọ̀ mi?

Ó ti pinnu pé ní ìkórè tó ń bọ̀ a máa gbé dùùrù wa lọ sí Ọ̀sí. Òun máa tẹ ti ọwọ́ ọ̀tún, èmi ti ọwọ́ òsì, torí ó ní ti ọ̀tún ti le jù fún mi. Mo bi í pé bí mo bá ṣì í ńkọ́, ṣé ó máa dúró dè mí. Ó ní rárá. Ó ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń kọrin lọ, atẹdùùrù kò lè dúró nítorí ẹnì kan, kí n yáa lé wọn bá níwájú. Olùkọ́ rẹ̀ ní òun kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Èmi náà kò kọ́ ọ.

Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ̀wé lọ́sàn-án yìí. Ó ní kí n tẹ ìlà kejì ní ìgbà mẹ́wàá kí òun tó ti ilé ìwé dé. N kò tíì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sáré.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń bẹ̀rẹ̀ dùùrù láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín gidigidi.