Igi Bàbá Mi Kò Ní Kúrò Lórí Tábìlì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí ní Ọmọ Káfíńtà.

Ìgbéyàwó mi ku ọjọ́ méjì. Bàbá mi rẹ́ ìtì igi pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, wọ́n fi sanpépà ha á títí tó fi ń dán, ká lè gbé ìgò òdòdó lé e láàárín tábìlì àwọn àlejò. Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé igi ìdáná lẹ fẹ́ fi gbà wá lálejò? Ẹ lọ ra ti gíláàsì." Bàbá mi gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn igi náà padà sínú àpò.

Iṣẹ́ igi ló rán mi níléèwé, mi ò ní fi í pamọ́ nítorí ojú ayé. Èyí tó fẹ̀ jù, iwájú ìyá ọkọ mi gan-an ni màá gbé e sí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo jẹ̀bi? Tí ẹ bá tiẹ̀ ní mo jẹ̀bi, òdòdó ti wà nínú omi.