Bàbá Ò Sùn

Ẹ̀gbọ́n mi Kabir,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wà? Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Mọ̀nsúrát ìbátan wa ti bí ọkùnrin ní Ẹ̀pẹ́.

Èmi náà ti wọ ọdún tó kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́ òfin, mo ti ń múra fún Lọ́ọ̀ Skúùlù. Ẹ rántí pé Bàbá ni adájọ́ mi nílé. Tí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, màá wọ aṣọ lọ́yà dúdú àti funfun mi, màá máa ro ẹjọ́ níwájú wọn. Ọ̀rọ̀ ò tíì jinlẹ̀ tí wọ́n á fi ní, "Lọ́yà, ẹ̀rí ẹ dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ní ká má sọ fún yín, pé a kì í kó ìròyìn burúkú bá ẹni tó wà lókèèrè. Àmọ́ ó ti sú mi. Èmi tí mò ń kọ́ bí a ṣe ń gba òtítọ́ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ni mò ń purọ́ fún yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ pè tí a ní Bàbá ń sùn, wọn ò sùn. Rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n lẹ́yìn Iléyá, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Wọ́n ń gbọ́ wa, wọn ò kàn lè fèsì ni.

Lánàá, mo ro ẹjọ́ tán, mo dúró kí wọ́n bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Omi ló bọ́ lójú wọn.

Tí ẹ bá pè, ẹ ní ká gbé fóònù sí wọn létí, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ lọ. Ọlọ́hun á jẹ́ ká fojú ríra láyọ̀. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá ti dún ni Bàbá máa ń yíjú sí i.

Àbúrò yín,
Rodiat