Owó Ọwọ́ Ọ̀tún Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀.

Wọ́n tú báńdéèjì ọwọ́ ọ̀tún lónìí. Dókítà ní kí n ká ìka. Àtàǹpàkò gbọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́ díẹ̀. Àwọn yòókù ń wò mí bí àlejò. Dókítà ní wọn ò ní ká mọ́. Èmi onídìrí! Irun ni mò ń dì jẹun.

Ọkọ mi ní ṣebí ká dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. A dúpẹ́. Òun tó wa mọ́tò, èékánná kan ò kán lára rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Lọ́yà mi wá sílé. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀: mọ́tò wa ní inṣọ́ránsì. Bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti ẹni tó wà á, inṣọ́ránsì ni yóò san owó gbà-máà-bínú fún mi. Wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ lápò ọkọ mi. Kó ṣáà sọ òótọ́ — pé fóònù ló ń wò tó fi lọ kọlu òpó iná.

Ọkọ mi mi orí, ó sin lọ́yà jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Bó ṣe wọlé padà, ojú rẹ̀ ti yí. Awakọ̀ ọ̀gá ńlá ni níbi iṣẹ́. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ fóònù pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ òun ti lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ tèmi ńkọ́?

Gbà, máà bínú. Màá gbà á. Ta ló ní mi ò ní bínú?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Oníbàárà mi kan kọjá lójúde. Ẹlòmíràn ló bá a dirun. Irun náà wọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Lọ́yà pè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ọkọ mi ti yọ́ lọ sọ tẹnu rẹ̀ ní inṣọ́ránsì: èmi ni mo ń bá a jà nínú mọ́tò, èmi ni mo fọwọ́ gbá sítíárìn mú. Ọwọ́ ọ̀tún yìí kan náà! Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní gba nǹkan kan.

Mo bá a níbi tó ti ń jẹun. Mo ní o parọ́ mọ́ mi. Kò gbójú sókè. "Ìwọ náà rò ó. Bíṣẹ́ mi bá lọ, kí la máa jẹ?" Ó sì bu òkèlè mìíràn.

Láti òní lọ, Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lorúkọ tí mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó wà nínú mọ́tò náà: ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. Adájọ́ ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Látìgbà tó ti ń bá wa gbé, kò sí ilẹ̀ tí mo gbá tó mọ́ lójú rẹ̀.

Inṣọ́ránsì fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ retí? Ta ló ń torí ìyàwó ọmọ ju ọmọ bíbí inú ẹ̀ nù?

Mo gbọ́ Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ nílé ìdáná: "Màámi, ẹ ṣáà ní ẹ ti sùn." Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A dé ọ́fíìsì inṣọ́ránsì. Òtútù ibẹ̀ mú kí ọwọ́ máa ro mí wọnú eegun. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ka irọ́ rẹ̀ bí ẹni ka àdúrà, kò ṣẹ́jú.

Òṣìṣẹ́ wọn kan tó wọ awò ojú yíjú sí Adájọ́. Ṣé Màmá ti sùn nígbà náà?

"Ta ló máa sùn, tí ẹni tó ń wakọ̀ ń bá fóònù rẹ́rìn-ín? Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀."

Ìyàwó ńkọ́?

"Báàgì mi ló gbé lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ọkọ mi pariwo "Màámi!" bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ìyá ò wò ó.

Bí a ṣe jáde, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Adájọ́. Ó ní, "Dìde. Kì í ṣe torí tìẹ. Èmi ni mo bí i. Bí mo bá gbe irọ́ yẹn lẹ́sẹ̀, èmi náà ni mo bí irọ́."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti lé Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje, oṣù kẹrin

Inṣọ́ránsì gbà láti san. Inú lọ́yà ń dùn ṣìnkìn. Mo bi í bóyá ìka wà nínú ohun tí wọ́n máa san. Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín.

Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kó ẹrù. Ó ní mo ti ta òun. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìyá ní, "Máa lọ." Ọkọ mi ti ilẹ̀kùn gbàgà débi tí fèrèsé mì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Láàárọ̀ yìí mò ń fi eyín àti ọwọ́ òsì bá ìró mi jìjàkadì. Adájọ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi ró o.

Ó bi mí, kò wojú mi: "Ṣé ọmọ yẹn pè ẹ́?"

Mo ní kò pè.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìró ọ̀hún le. Ó fún jù. Agbára káká ni mo fi ń mí. Mi ò ní kó tú u.